Ẹ̀jẹ̀ Asibi àti Ilé Àyẹ̀wò Yábà: Bí A Ṣe Mọ Ohun Tí Ń Fa Ibà Pọ́njú

Iṣẹ́ tí a fi rán mi ni pé kí n ṣe àlàyé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn, fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ ìlera. Ọ̀nà méjì ni mo lè gbà jẹ́ iṣẹ́ náà. Èkínní ni kí n to orúkọ àwọn kòkòrò náà lẹ́sẹẹsẹ, kí n sọ ìrísí wọn, ibi tí wọ́n ń gbé àti oògùn tí ń pa wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àwọn ìwé tí àwọn ìtẹ̀wé Ṣómólú ń tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì ni kí n mú àrùn kan ṣoṣo, kí n sì béèrè pé: ta ni ó sọ pé ohun báyìí ni ó ń fà á, báwo ni ó sì ṣe mọ̀? Ọ̀nà kejì yìí ni mo yàn, nítorí pé ìdáhùn ìbéèrè náà kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí. Bí a bá gba Fọlá Àgòrò kọjá, ẹsẹ̀ lásán ni a óò fi dé Yábà, níbi tí a gbé yanjú ọ̀rọ̀ náà ní 1927.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí èmi náà wà ní ipò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà níwájú mi yìí, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ibà pọ́njú, àti pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Mo gba máàkì tí ó tọ́ sí mi. Kò sí ẹni tí ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, èmi náà kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó kà á pé, fún ohun bí ọdún mẹ́jọ, ìdáhùn mìíràn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìbá gbà. Bí ó bá jẹ́ ní 1922 ni mo ṣe ìdánwò mi, tí mo sì kọ ohun tí mo kọ yẹn, ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ mi fi gègé pupa fa igi lé e.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kòkòrò ṣàjèjì sí Yorùbá. Anthony Buckley, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣègùn Yorùbá tí ó jáde ní 1985, ṣe àlàyé ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn: pé kòkòrò àti aràn ń gbé inú ara ènìyàn, pé wọ́n ní àpò tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n sì tú jáde kúrò nínú àpò wọn, ni àìsàn ń dé. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí a mọ̀ lónìí nípa àwọn bakitéríà inú ìfun kò ní fi èrò yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé kòkòrò ni ó ń fa àrùn, ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé kòkòrò yìí gan-an ni, kì í ṣe èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí èkejì yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, ẹni tí ó rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní 1882, ni ó mú kí òfin ẹ̀rí fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Kí a rí kòkòrò náà lára àwọn tí àrùn náà ń ṣe. Kí a mú un jáde, kí a sì gbìn ín ní òun nìkan. Kí a fi í sí ara ẹranko, kí ẹranko náà sì ṣe irú àìsàn kan náà. Kí a tún rí kòkòrò kan náà lára ẹranko yìí. Òfin yìí bá bakitéríà mu, nítorí pé bakitéríà kan ṣoṣo jẹ́ odidi ẹ̀dá: ó ń jẹun, ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì, a sì lè rí i bí a bá fi awò máíkírósíkóòpù wò ó. Fáírọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lè jẹun, kò sì lè bí sí i, àfi bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè, tí ó sì sọ sẹ́ẹ̀lì náà di ẹrú rẹ̀. Èyí tí ń fa ibà pọ́njú kéré débi pé, bí a bá to 20,000 rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gígùn gbogbo wọn kò ní ju mìlímítà kan lọ. Awò ayé ìgbà náà kò lè rí i. Bí a bá gbìn ín sínú ọbẹ̀ tí a fi ń tọ́ bakitéríà, kò ní hù. Kékeré ni abẹ́rẹ́, ni àwọn àgbà wí, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́, ojú rí i. Báwo wá ni a ṣe lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ lórí ohun tí ojú kò rí, tí kò sì hù?

Ìṣòro kejì wà nínú orúkọ àrùn náà. Ibà pọ́njú, tí àwọn mìíràn ń pè ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀: àmì ni orúkọ yìí sọ, ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún un kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Òtítọ́ ni àmì yìí. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́, omi òróòro tí ó yẹ kí ó gba inú ìfun jáde yóò dà padà sínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì kun ojú àti awọ ara. Ṣùgbọ́n ohun tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ pọ̀. Oríṣiríṣi fáírọ́ọ̀sì ẹ̀dọ̀ wà tí kò bá ti ibà pọ́njú tan. Ibà tí ó le koko a máa sọ ojú di pípọ́n. Àrùn kan sì wà tí ó ń ti ara ìtọ̀ eku wá, èyí tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Japan, Inada àti Ido, rí kòkòrò rẹ̀ ní nǹkan bí 1915: bakitéríà tín-ín-rín tí ó lọ́ bí okùn, tí a ń pè ní Leptospira. A máa ń sọ pé ohun tí ó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ojú pípọ́n, òwe náà kò ṣiṣẹ́, ẹni tí ó bá sì tẹ̀ lé e yóò ṣìnà.

Ẹni tí ó ṣìnà nítorí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Hideyo Noguchi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn káàkiri ayé. Kí ó tó dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, Carlos Finlay ti sọ ní Cuba láti 1881 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ní 1900, Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Havana pé òtítọ́ ni Finlay sọ, James Carroll tí ó wà lára wọn sì fi hàn ní 1901 pé bí a bá sẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pẹ̀lú asẹ́ tí bakitéríà kì í lè gbà kọjá, ohun tí ń fa àrùn náà yóò kọjá síbẹ̀síbẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1918, Noguchi lọ sí Guayaquil ní ilẹ̀ Ecuador, ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ojú wọn pọ́n, ó sì rí Leptospira nínú rẹ̀. Ní 1919 ó kéde pé kòkòrò ibà pọ́njú ni, ó sì fún un ní orúkọ tuntun. Ó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi ẹ̀jẹ̀ ìwòsàn láti ara rẹ̀. Asẹ́ Carroll kò sì lè já a nírọ́, nítorí pé Leptospira tín-ín-rín débi pé òun pàápàá a máa gba inú irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rí kan náà, ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn mu, àwọn méjèèjì sì lè rí i lò.

Àjọ Rockefeller, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tí ń rí sí ìlera, ni ó rán àwọn ènìyàn wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1920 láti wá òpin ọ̀rọ̀ náà. William Gorgas tí yóò ṣe olórí wọn kú sí London lójú ọ̀nà. Àwọn ìyókù dé, wọ́n wò, wọ́n sì padà láìrí ohun tí ó dá wọn lójú. Ní 1925 wọ́n tún dé, lábẹ́ Henry Beeuwkes, wọ́n sì fi Yábà ṣe ibùjókòó. Ìjọba amúnisìn ti ní ilé àyẹ̀wò ìṣègùn ní Yábà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú Èkó ni ibẹ̀ wà nígbà náà, Ṣómólú kò sì tíì di ìgboro tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ìbéèrè méjì ni wọ́n gbé wá. Ǹjẹ́ àrùn tí ó wà ní ilẹ̀ wa àti èyí tí ó wà ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù jẹ́ ọ̀kan náà? Ǹjẹ́ kòkòrò Noguchi wà lára àwọn aláìsàn ibí?

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pè sí iṣẹ́ náà ni Adrian Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ àrùn ní Guy's Hospital ní London. Ó ti wà lára àwọn ti 1920. Ohun tí ó wù mí jù lọ nínú ìtàn rẹ̀ ni èyí: nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ní Flanders, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rí Leptospira lára àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn pọ́n nínú kòtò ogun tí eku kún. Wọ́n tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1917, ọdún méjì kí Noguchi tó kéde tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tẹjú mọ́ awò ní Yábà, tí ó wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tẹ̀lé òmíràn, tí ó sì sọ pé kò sí Leptospira níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò rí i rí. Ẹni tí kò mọ ojú olè kò lè jẹ́rìí pé olè kò sí nínú ọjà. Ní 1926 àti 1927, Max Theiler àti Andrew Sellards ní yunifásítì Harvard náà fi hàn pé kòkòrò tí Noguchi fún ní orúkọ tuntun kò yàtọ̀ sí kòkòrò ìtọ̀ eku tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Guayaquil: wọ́n ka àwọn tí àrùn eku ń ṣe mọ́ àwọn tí ibà pọ́njú ń ṣe, nítorí pé ojú gbogbo wọn pọ́n.

Ṣùgbọ́n kí a sọ pé ohun kan kì í ṣe èyí, kò tíì sọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n nílò ẹranko tí yóò ṣàìsàn. Wọ́n gbìyànjú lára eku ẹmọ́ òyìnbó, wọ́n gbìyànjú lára àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ wa, òfo ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ lónìí: ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà àti ibà pọ́njú ti jọ ń gbé inú igbó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n ti mọ ara wọn, fáírọ́ọ̀sì náà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ náà fún ọjọ́ mélòó kan kí ó sì lọ láìṣe é ní nǹkankan. Beeuwkes wá ra àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà tí a ń pè ní rhesus, tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò dé ilẹ̀ wọn rí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Júùnù, 1927, ní Kpeve ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, Alexander Mahaffy tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Yábà gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ibà ń ṣe. Asibi ni orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, orúkọ kan ṣoṣo, ẹni ọdún 28. Ara rẹ̀ kò le púpọ̀, ó sì gbádùn lẹ́yìn náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fún ọ̀bọ rhesus kan. Ọ̀bọ náà ṣàìsàn, ó sì kú. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú ẹ̀jẹ̀ sí ara òmíràn, àti láti ara ìyẹn sí òmíràn, ní Yábà, lọ́wọ́ Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀rí wo ohun tí àwọn mẹ́ta yìí ṣe láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n la àwọn ọ̀bọ tí ó kú, wọ́n sì rí i pé ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀ wọn dọ́gba pẹ̀lú ti ènìyàn tí ibà pọ́njú pa. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tí ń ṣàìsàn, wọ́n dúró kí ọjọ́ tí ó yẹ pé, wọ́n sì jẹ́ kí ó jẹ ọ̀bọ tí ara rẹ̀ le. Èyí náà ṣàìsàn. Ẹ̀fọn tí ó bá ti kó o kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà pẹ̀lú asẹ́, ohun tí ó kọjá sì ń pa ọ̀bọ bí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ó ti ṣe ibà pọ́njú tí ó sì yè, wọ́n fún ọ̀bọ, wọ́n sì rí i pé ó dáàbò bò ó. Nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n wá Leptospira, wọn kò rí i. Ẹ óò ṣàkíyèsí pé wọn kò rí ohun tí ń fa àrùn náà gan-an pẹ̀lú ojú. Ohun tí ó ń ṣe ni wọ́n rí, ní ìgbà gbogbo, ní ọ̀nà kan náà, láìsí ẹlòmíràn tí a lè dá lẹ́bi. Òfin Koch kò wó. Wọ́n fi ara ọ̀bọ rọ́pò oko tí a ń gbin kòkòrò sí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1927, Stokes bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ju òun lọ ohun tí ó lè jẹ́. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, bí òun bá sì kú, kí wọ́n la òkú òun wò. Ọjọ́ 19 oṣù náà ni ó kú, ní Èkó, ní ẹni 40 ọdún. Wọ́n ṣe ohun tí ó wí. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàìsàn. Àwọn ẹ̀fọn tí ó jẹ ẹ́ gbé àrùn náà lọ. Nígbà tí ìwé ìwádìí náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1928, orúkọ rẹ̀ ni ó ṣíwájú. Èmi kò mọ bí a ti í ka ìtàn yìí kí ara má bu ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti kà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ó kù ti ronú pé ẹ̀fọn kan ni ó yọ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Bauer àti Hudson tún yẹ ọ̀rọ̀ wò, wọ́n sì fi hàn ní 1928 pé bí a bá da ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ aláìsàn sí awọ ọ̀bọ mìíràn tí kò ní ojú egbò kankan, ó lè kó àrùn náà. Ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ ti tó láti fi kú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kùn nítorí ìbọ̀wọ́ nínú ooru Èkó, ibi tí òfin náà ti wá nìyẹn. Kò sì pẹ́ tí àwọn mìíràn tẹ̀lé Stokes. Noguchi fúnra rẹ̀ dé sí Accra ní òpin 1927 láti gbèjà kòkòrò rẹ̀. Nínú oṣù Méè 1928 ó wá sí Èkó, ó padà sí Accra pẹ̀lú àìsàn lára, ó sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Ibà pọ́njú ni ó pa á. William Alexander Young, olórí ilé àyẹ̀wò Accra, ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀, kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nínú oṣù kan náà. Ní oṣù Júláì 1930, Theodore Hayne, onímọ̀ nípa ẹ̀fọn, kú sí Èkó. Mo rò pé kò yẹ kí a fi Noguchi ṣẹ̀sín. Ó gba ohun kan gbọ́ ju bí ẹ̀rí rẹ̀ ti tó lọ, irú èyí a máa ṣe àwa náà, láìjẹ́ pé ẹ̀mí wa lọ sí i.

Ohun tí Yábà rí kò dúró sí Yábà. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ Asibi, tí ó ti di ìran fáírọ́ọ̀sì kan tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, lọ sí New York. Níbẹ̀ ni Max Theiler, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti ń tọ́ ọ nínú sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ eku, lẹ́yìn náà nínú sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ adìẹ, láti ìgò kan dé òmíràn, títí ó fi gbàgbé bí a ti ń pa ẹ̀dọ̀. Ìran tí ó tútù yìí ni wọ́n pè ní 17D. Ní 1937 ni ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára, ní 1951 sì ni Theiler gba ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí ó di 1985, àwọn onímọ̀ ka gbogbo lẹ́tà tí ó wà nínú àbùdá 17D, wọ́n sì rí 10,862. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n fi wé ti Asibi: ẹyọ lẹ́tà 68 péré ni ó yàtọ̀ láàárín èyí tí ń pa ènìyàn àti èyí tí ń gba ènìyàn là. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí a ti fún àwọn ènìyàn láyé ti ju 500 mílíọ̀nù lọ, láti ara ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin Kpeve yẹn sì ni èyí tí ayé ń lò lónìí ti ṣẹ̀ wá. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àṣà ìgbà náà. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà lórí ìwé 1928. Àwọn tí wọ́n ń fún ọ̀bọ ní oúnjẹ, tí wọ́n ń nu ilé wọn, tí wọ́n ń tọ́ tanwíjí nínú àwo títí yóò fi di ẹ̀fọn, kò sí orúkọ wọn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń ta sí wọn lọ́wọ́.

Mo dárúkọ tanwíjí. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú nínú ìlú, Aedes aegypti, kì í yé ẹyin sínú gọ́tà tí ó dọ̀tí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Omi mímọ́ ni ó ń wá, omi inú ilé. Ara ògiri àmù ni ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, lókè omi díẹ̀. Ẹyin náà lè gbẹ fún oṣù mélòó kan, kí ó sì pa ní ọjọ́ tí omi bá tún kan án. Ìdí nìyí tí àwọn wolé-wolé ayé amúnisìn fi ń ṣí àmù àwọn ìyá wa wò, tí wọ́n sì ń pe ẹni tí tanwíjí bá wà nínú omi rẹ̀ lẹ́jọ́. Àwọn ará Èkó kò fẹ́ràn wọn, ó sì ní ìdí: kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún ìyá tí ó san owó ìtanràn ohun tí tanwíjí fi ṣe ẹni. Lónìí, ní àwọn àdúgbò Ṣómólú tí omi ẹ̀rọ kì í ti í dé déédéé, dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì tí a ń rọ omi mẹ́ruwà sí ti gba ipò àmù, táyà àlòkù lẹ́nu ọ̀nà fọ́kànáísà sì ń gba omi òjò. Ẹ̀fọn náà kò ní ìdí láti kó lọ. Ní 1987, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, irú ẹ̀fọn inú ilé yìí ni ó tan ibà pọ́njú ká, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú.

Ìbéèrè tí ó wá kù ni ti ohun tí a fi ìmọ̀ náà ṣe níbi tí a ti rí i. Iṣẹ́ kò parí ní Yábà nígbà tí àwọn ará Rockefeller kó ẹrù wọn. Ibẹ̀ ni F. N. Macnamara ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó kọ ìwé ní 1954 lórí àwọn tí ó ní fáírọ́ọ̀sì Zika lára ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, lára àwọn ìròyìn àkọ́kọ́ láyé nípa Zika lára ènìyàn; àrùn tí ń sọ ojú di pípọ́n ni ó tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí ìṣègùn orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ní Yábà kan náà. Èyí tí ó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu jù ni pé láti 1940 ni ilé ìpèsè abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábà, tí ó ń ṣe abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná, ti àrùn ajá dìgbòlugi, àti ti ibà pọ́njú. Ní 1991 ni wọ́n tì í pa pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Fún ohun tí ó ju 20 ọdún lọ lẹ́yìn náà, ìgò abẹ́rẹ́ kan kò jáde níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Dakar wé e. Ní òpin 1927 kan náà, Sellards àti Jean Laigret rí fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú níbẹ̀ lára ọ̀dọ́mọkùnrin ará Síríà kan, François Mayali. Ilé Pasteur ti Dakar kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wà lára ilé iṣẹ́ mélòó kan péré láyé tí ó ń ṣe abẹ́rẹ́ 17D tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí. Nígbà tí ibà pọ́njú tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara ní 2017, lára ọmọbìnrin ọlọ́dún méje, Dakar ni ẹ̀rí ìkẹyìn ti wá pé òun ni. Mo mọ̀ pé ètò àjọ ìlera àgbáyé ni ó fi Dakar ṣe ilé ẹ̀rí fún agbègbè wa, kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Ní oṣù Júláì 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, ilé àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Sunday Omilabu, ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó jẹ́, Yábà ni wọ́n sì ti tọ́jú àwọn tí ó kó o. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 kú, lára wọn ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde sí ìgboro. Àyẹ̀wò tí a ṣe nílé, tí èsì rẹ̀ yá, ni ó jẹ́ kí iye náà mọ ní 20. Ìdí nìyí tí ọdún 1991 yẹn fi máa ń dùn mí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì. Bí èsì bá gba ọ̀nà jíjìn, àwọn ẹ̀fọn inú dúrọ́ọ̀mù wa kò ní dúró dè é.

Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti wà lára èyí tí a ń fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́sàn-án. Mo máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́dé kan ní Bàrígà ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n ka ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ sí káàdì ọmọ: orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà ìgò, ọjọ́, ìbuwọ́lù. Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń bi wọ́n pé ọmọ ìlú ibo ni fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìgò náà. Títí di òní, kò tíì sí èyí tí ó dárúkọ Kpeve.